Ọkọ̀ Tó Ń Gbóná fún Gbogbo Ayé Àfi Ẹni Tó Ni Ín

Bí Alága bá ń jáde nílé láàárọ̀, ohun mẹ́ta ni ẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí òun fúnra rẹ̀: fìlà lórí, ikùn níwájú, tìmùtìmù lábíyá. Fìlà àti ikùn, ó ti pẹ́ tó ti ní wọn. Tìmùtìmù yìí ni tuntun.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ni kó tó di ọ̀gá. Lẹ́yìn òtútù èṣí ni ẹgbẹ́ àwọn ará òpópónà wa fi í jẹ alága, ẹgbẹ́ tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ká jókòó ká máa jiyàn lórí ibi tó yẹ kí agolo ìdọ̀tí wà. Ẹlòmíràn ì bá gba oyè náà, kó gbé e sínú yàrá, kó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Alága gbé tirẹ̀ wọ ọkọ̀. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé bí òun bá ń wakọ̀ kọjá, kò sẹ́ni tó ń rí ojú òun kí. Ènìyàn kúkúrú ni. Bó bá jókòó nídìí sítíárìn, fìlà nìkan ló máa ń yọ, àwọn ọmọdé àdúgbò á sì pariwo pé, "Fìlà ń wakọ̀ bọ̀ o!"

Ló bá ní kí ìyàwó rẹ̀, Màmá Aránṣọ, bá òun rán tìmùtìmù tí òun máa fi sábẹ́ ìdí.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó ga tó?" ni Màmá bi í, tó ti mú okùn ìwọ̀n dání.

"Ìwọ̀nba tí màá fi lè rí ọ̀nà."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ rí ọ̀nà ni, àbí ọ̀nà ló fẹ́ rí yín?"

Màmá fi àrán pupa rán an, ó ki fóòmù líle sínú rẹ̀, ó sì ga bí ìrọ̀rí méjì tí wọ́n gbé lé ara wọn. Láti ọjọ́ náà la ti ń rí ojú Alága nínú ọkọ̀, a rí ọrùn, a rí títí dé bọ́tìnnì kejì. Bó bá dé kọ̀rọ̀ tí oníbàtà máa ń jókòó sí, á fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ènìyàn á gbọ́wọ́ sókè pé, "Alága! A rí yín o!" Òun náà á gbé ìka kan ṣoṣo sókè, bí ẹni tó ń fi ọ̀wọ́n gógó kí ènìyàn.

Òfin tìmùtìmù náà kò ṣòro. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó lé e. Bó bá di dandan kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀ náà, ìbáà jẹ́ Màmá ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́nà, Alága á kọ́kọ́ yọ tìmùtìmù rẹ̀, á gbọn eruku rẹ̀ nù, á fi há abíyá. Ìgbà tó bá padà sídìí sítíárìn ni òun àti tìmùtìmù á jọ padà.

Ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ọmọge Àná là ń pè é. Nígbà tí irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn ènìyàn ńlá ló ń gùn ún. Ohun tí Alága fi ń yangàn jù nípa rẹ̀ ni pé kì í ṣe irú ọkọ̀ tí èèyàn ń yí nǹkan sọ́tùn-ún sósì kó tó fẹ́ ooru. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń ronú. Ẹ sọ nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ kí inú ọkọ̀ gbóná dé, òun fúnra rẹ̀ á mọ ìgbà tó yẹ kó fẹ́ ooru, ìgbà tó yẹ kó fẹ́ atẹ́gùn tútù, àti ìgbà tó yẹ kó panu mọ́. Lóòótọ́, bọ́tìnnì tó ń gbé nọ́ńbà náà sókè ti kú tipẹ́, nọ́ńbà ti dúró gbagidi sórí mẹ́rìnlélógún. Alága ní kò burú, mẹ́rìnlélógún ni ìwọ̀n ooru tó yẹ ọmọlúàbí.

Àfi ìgbà tí òtútù ọdún yìí dé, tí Ọmọge Àná bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn bíi ti inú fìríìjì sí ẹni tó ni ín lójú. Alága á wà nídìí sítíárìn, èéfín á máa yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí kẹ́tùlù bá ń hó. Síbẹ̀, á gbé ìka kan sókè. Ì bá fara dà á bẹ́ẹ̀ títí òtútù á fi lọ, bí kì í bá ṣe ti ọmọ.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló bímọ kí oṣù tó pé. Ọmọ náà kéré bíńtín, ọmọ-ọmọ Alága àkọ́kọ́ sì ni. Nílé-ìwòsàn, wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì kan tó ń gbóná. Lójoojúmọ́ ni Alága ń lọ dúró síwájú àpótí náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń rò pé ìgbéraga nìkan ló wà nínú ọkùnrin yìí, ẹ ò tíì rí i níbẹ̀. Á ṣí fìlà, á tẹ orí, á máa wo ọmọ náà bí ẹni tó ń ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré.

Olùkọ́ kì í sì í jáwọ́ nínú ìbéèrè. Ó rí ohun kékeré kan bí owó ẹyọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn ọmọ náà, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì so ó mọ́ àpótí.

"Nọ́ọ̀sì, kí leléyìí ń ṣe?"

"Òun ló ń sọ fún àpótí bí ara ọmọ ṣe gbóná tó, Bàbá. Bí ara ọmọ bá tutù, àpótí á fi ooru kún un. Bó bá gbóná tó, àpótí á sinmi."

"Bó bá wá ṣí kúrò níbẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn ńkọ́?"

"Á parọ́ fún àpótí nìyẹn, àpótí á sì gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáá." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ wá bá wa ṣiṣẹ́ ni?"

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni dókítà sọ pé ọmọ lè lọ sílé ní Ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òtútù kàn án lọ́nà. Ilé Alága náà ni ọmọ ń bọ̀, nítorí pé òkè ilé ibẹ̀ ni ọmọ Alága àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Alága ní, "Èmi ni màá lọ gbé ọmọ mi."

Ọmọ rẹ̀ fọwọ́ ra orí. "Bàbá, ẹ má bínú. Bàbá ìyàwó mi ti ní òun á gbé ọkọ̀ tòun wá."

Bàbá ìyàwó yìí, ọ̀gá báǹkì ni tẹ́lẹ̀, ó ga bí òpó iná, ọkọ̀ rẹ̀ sì tuntun débi pé ọ̀rá ṣì wà lára àga ẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà máa ń gbóná kí èèyàn tó wọlé sínú rẹ̀.

"Èmi ò sọ pé àna mi ò ní ọkọ̀," ni Alága wí. "Mo ní èmi ni màá gbé e."

"Bàbá, ọkọ̀ yín ń fẹ́ yìnyín. Tí kò bá tíì gbóná dáadáa títí alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ tiwọn la máa bá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí kéré."

Alága wo ọmọ rẹ̀ títí. Kò rí ẹ̀bi kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

* * *

Mẹkáníìkì tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa, Kòṣeémánìí ló ń pe ara rẹ̀, a sì ń bá a pè é bẹ́ẹ̀ nítorí àlàáfíà. Kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ láìkọ́kọ́ dijú. Á gbé ìdí irin gígùn kan sétí, á fi ẹnu irin náà kan ẹ́ńjìnnì, á máa mi orí bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí ìdílé fún.

"Hmm," ló sọ fún Alága. "Ọkọ̀ yín ń ṣàròyé."

"Mo mọ̀. Èmi náà ń ṣàròyé. Wo hítà fún mi."

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, Kòṣeémánìí mọ iṣẹ́. Ó ṣí rédíétọ̀ nígbà tó tutù, ó rí i pé omi ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó bu omi kún un. Ó gbé imú ọkọ̀ sókè, ó tan ẹ́ńjìnnì láìdé ọmọrí rédíétọ̀, atẹ́gùn tó há sínú omi ń yọ jáde ní pọ́pọ́pọ́. "Atẹ́gùn ni ọ̀tá hítà," ló wí. Ó wo abẹ́rẹ́ ooru lójú dáṣíbọ́ọ̀dù títí ó fi gòkè dé àárín, ó ní fáàfù tó ń dá omi dúró kó lè gbóná ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó di rọ́bà méjì tó ń gbé omi gbígbóná lọ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù mú, ó yára ju méjèèjì sílẹ̀. "Ó gbóná wọlé, ó gbóná jáde. Hítà ò dí." Níkẹyìn, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń gbọ́ bí ilẹ̀kùn kékeré kan tó wà níbẹ̀ ṣe ń ṣí tó ń pa dé, ilẹ̀kùn tó ń yàn bóyá ooru ló máa jáde tàbí òtútù.

"Ó ń rìn dáadáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé e jáde wò."

Alága yọ tìmùtìmù rẹ̀, ó fi há abíyá, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Kòṣeémánìí wakọ̀. Wọn ò tíì jìnnà tí ooru fi bò wọ́n. Awò ojú Alága kún fún ìrì, ó ń tú bọ́tìnnì kóòtù.

"Ẹ rí i?" ni Kòṣeémánìí wí. "Ẹ lọ sọ fún wọn pé èmi ni."

Alága gbọn tìmùtìmù, ó gbé e padà sí àyè rẹ̀, ó gòkè, ó forí lé ilé pẹ̀lú ayọ̀. Kó tó dé kọ̀rọ̀ oníbàtà, òtútù ti ń jáde. Nígbà tó fi máa gbé ìka sókè, ìka náà ń gbọ̀n.

Ló bá yí padà.

"Kòṣeémánìí! Kí lo ṣe sí ọkọ̀ mi?"

"Bàbá, ó gbóná nígbà tẹ́ ẹ kúrò níbí."

"Kò gbóná mọ́."

Kòṣeémánìí wọlé, ó wakọ̀ yí àdúgbò ká. Ó gbóná. Alága wà á yí àdúgbò ká. Ó tutù. Kòṣeémánìí tún wà á, ó gbóná bí ààrò búrẹ́dì. Àwọn méjèèjì dúró ti ọkọ̀ náà, wọ́n ń wò ó, ọkọ̀ náà ò sì wo ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ti mẹkáníìkì," ni Kòṣeémánìí wí. "Ọkọ̀ yín ń bá yín jà."

"Kí ni mo ṣe é?"

"Ṣé ẹ ń bú u ni?"

"Kòṣeémánìí, mo kọ́ ọmọ ènìyàn ní sáyẹ́ǹsì títí irun mi fi funfun. Ọkọ̀ kì í bínú."

"Ẹ ò tíì ní ọkọ̀ púpọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí Màmá náà wà á wò."

Wọ́n pe Màmá Aránṣọ jáde. Ó fi abẹ́rẹ́ há kọ́là, ó wọ ọkọ̀, ó yí àdúgbò ká, ó sì padà wá tòun ti gèlè tó ti tú nítorí ooru.

"Ó gbóná o," ló wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Bàbá wọn, ọkọ̀ yìí mọ ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú."

"Kí ló wá jẹ́? Ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà, òtútù kan náà. Ẹ̀yin nìkan ni kò fẹ́ gbóná fún."

* * *

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti òtútù nìkan lọ́kàn Alága. Ó di ìbéèrè, ìbéèrè sì ni ohun kan ṣoṣo tó lè mú kí ọkùnrin yẹn gbàgbé ara rẹ̀. Oúnjẹ tutù níwájú rẹ̀ lálẹ́.

"Ohun kan wà lára mi tí kò sí lára yín," ló sọ fún Màmá. "Ká yọ ohun kọ̀ọ̀kan kúrò, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bá a ti ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo lèèyàn ń yí padà, á wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìran ọ̀fẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, Alága wakọ̀ yí àdúgbò ká láìdé fìlà. Ó tutù. Ó bọ́ kóòtù, ó yí i ká. Ó tutù, òun náà sì ń sín. Ó ní bóyá òróró olóòórùn tóun ń fi pára ni, ó lọ wẹ̀ ẹ́ nù. Ó bọ́ bàtà, ó fi ìbọ̀sẹ̀ wakọ̀. Oníbàtà dìde dúró ní kọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Alága, ṣé kò sí o? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń dínkù lójoojúmọ́?"

"Ìwádìí ni!"

"Ẹ rọra o. Ẹ má wádìí dé ṣòkòtò."

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó ń bọ́ èyí tó ń bọ́ ìyẹn, orí tìmùtìmù ló jókòó sí. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ó jẹ́ nǹkan. Bí ẹ bá ní kí ọba ka gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, á ka bàtà, á ka ìlẹ̀kẹ̀, kò ní ka ìtẹ́ mọ́ ọn. Bí ẹlòmíràn bá sì fẹ́ wakọ̀, tìmùtìmù náà á ti wà lábíyá Alága. Ohun tí wọ́n ń wá kiri ń bá wọn rìn, ó sì máa ń bọ́ sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ dé, ọkọ̀ ò yá. Ní ọ̀sán, Alága àti Màmá forí lé ilé-ìwòsàn. Màmá fi ìborùn méjì bo ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n má dúró síbẹ̀. Alága sọ̀ kalẹ̀ láti ṣàlàyé fún un ẹni tí òun jẹ́. Ibi tó ti ń ṣàlàyé ipò alága lọ́wọ́ ni ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn yọ lẹ́yìn wọn, tó ń ké gbóo-gbóo. Màmá ò dúró gba àṣẹ. Ó sáré yí sí ìdí sítíárìn, ó jókòó, ó wakọ̀ kúrò lọ́nà. Kò rí àyè gbé e sí, ó yí ká, ó tún yí ká, kó tó padà wá bá ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan.

Ó yọ orí lójú fèrèsé. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bàbá wọn, ó ti ràn mí o!"

"Kí ló ràn ọ́?"

"Ìjà yín! Bí mo bá ti jókòó síbí, ooru ló máa ń wá. Lónìí, mo yí gbogbo ilé-ìwòsàn yìí ká, òtútù ló ń fẹ́ bọ̀. Orí mi tún ń gbá òrùlé ọkọ̀."

Ìgbà yẹn ni Alága wo ibi tó jókòó sí. Àrán pupa ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

"O jókòó lé e!"

"Aláìsàn wà lẹ́yìn mi. Ṣé kí n kọ́kọ́ wá tọrọ àyè ni?"

Alága la ẹnu láti bínú. Ẹnu náà ò sì pa dé, ìbínú ò sì jáde. Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn kíláàsì bá ṣàdédé dáhùn ìbéèrè tó le jù.

"Má dìde," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Má mira. Gbé ẹsẹ̀ rẹ sí ibi tó wà nígbà tí o ń wakọ̀."

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà tútù níwájú ilé-ìwòsàn, òun Alága, ẹ̀ṣọ́ sì ń wò ó. Orúnkún ọ̀tún Màmá gòkè, ó fi ara ti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Alága rọra ti orúnkún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú kékeré kan wà níbẹ̀ bí asẹ́, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, aṣọ òtútù ìyàwó rẹ̀ ti fi òwú tín-ín-rín sí i lẹ́nu. Òwú dúdú mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó ti pẹ́. Alága mọ òwú náà. Ṣòkòtò rẹ̀ ló ti wá.

Ó ya tíṣù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó mú un sún mọ́ asẹ́ náà. Tíṣù fò, ó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ó ń mí," ni Alága wí kẹ́lẹ́.

"Kí ló ń mí?"

"Ọkọ̀. Imú rẹ̀ nìyí. Ibí ló ti ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ sí imú kó lè mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Orúnkún mi ló ń gbóòórùn láti ìgbà yìí wá! Orúnkún sì gbóná nínú ṣòkòtò. Ó rò pé gbogbo inú ọkọ̀ ló ti gbóná tó bẹ́ẹ̀, ló bá ń fẹ́ atẹ́gùn tútù kí n má baà làágùn. Ọkọ̀ yìí ò bá mi jà. Ó ń tọ́jú mi!" Ó dìde, ó di ọwọ́ Màmá mú. "Bíi ti ikùn ọmọ yẹn gẹ́lẹ́! Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún mi. Ó ní bó bá lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ, á parọ́ fún àpótí."

Màmá wo orúnkún ara rẹ̀, ó wo tìmùtìmù, ó wo ọkọ rẹ̀. Aránṣọ ni, ó mọ̀ pé bí ìdí bá gòkè, orúnkún náà á gòkè.

"Bàbá wọn," ló wí jẹ́jẹ́, "kí ló gbé orúnkún wa débẹ̀?"

Inú Alága ṣì ń dùn sí ìwádìí rẹ̀ nígbà yẹn. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ìyókù ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

* * *

Kòṣeémánìí gbọ́ ìtàn náà tán, ó fọwọ́ lé orí. Ó fi tíṣù tirẹ̀ náà dán an wò. "Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ibẹ̀, nǹkan yẹn wà lókè imú mi!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, àwọn àgbà ṣáà sọ ọ́ pé ohun tí à ń wá lọ sí…"

"Má parí òwe yẹn."

"Mo fẹ́ sọ pé ó wà nínú…"

"Mo ní má parí ẹ̀! Ṣé o lè gbé imú yìí lọ síbòmíràn?"

"Mo lè gbé e. Àmọ́ gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa sọ̀ kalẹ̀, wáyà rẹ̀ á sì gba kí n wá òmíràn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀la ni mo fẹ́ gbé ọmọ."

"Ẹ sọ tìmùtìmù sílẹ̀, Bàbá. Iṣẹ́ ti parí."

Alága ò tíì gbà. Ó gun tìmùtìmù, ó ya orúnkún méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni tó jókòó lórí ẹṣin, ó gbìyànjú láti wakọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣi búréèkì, ó sì kọ lu agolo ìdọ̀tí, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti fi odindi ìpàdé méjì yan àyè fún. Màmá tú tìmùtìmù náà, ó yọ fóòmù díẹ̀, ó rán an padà. Orúnkún ṣì kan imú. Ó yọ díẹ̀ sí i, orúnkún kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n Alága náà ti rì padà sínú fìlà rẹ̀.

"Ẹ ò rí i?" ni Màmá wí. "Ibi tó bá ti wúlò fún yín, kò wúlò fún ọkọ̀." Ó dá gbogbo fóòmù náà padà sínú rẹ̀, ó rán ẹnu rẹ̀ pa. Kò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ òun bàjẹ́.

Alága pe ọmọ rẹ̀. "Ọkọ̀ ti yá," ló wí.

"Kí ló ṣe é, Bàbá?"

"Ohun kan ló dí i nímú."

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

"Ó ti kúrò," ni Alága wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, a rí i tó jáde: fìlà lórí, ikùn níwájú. Abíyá ṣófo. Oníbàtà sọ pé bí ìgbà tí èèyàn bá rí ilé tí wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn rẹ̀ ni.

Ọmọ rẹ̀ ló sọ ìyókù fún wa. Ó ní bàbá ìyàwó òun ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ṣáájú, ó fi ara ti ọkọ̀ tuntun, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Nígbà tí Ọmọge Àná wọlé, ọkùnrin gíga náà ń wo ojú gíláàsì, ó ń wá awakọ̀.

"Ta ló wa èyí wá?"

"Èmi ni," ni ohùn kan wí láti ìsàlẹ̀.

"Háà, àna mi! Ẹ má bínú, mi ò rí yín."

"Kò sóhun tó burú, àna mi. Ẹ ki ọwọ́ yín bọ inú ọkọ̀, ẹ wò ó."

Ọkùnrin náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó dúró díẹ̀, ó yọ ìbọ̀wọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Olóòótọ́ ènìyàn ni. "Ó gbóná, àna mi," ló wí. "Ó gbóná ju tèmi lọ." Ó lọ pa ẹ́ńjìnnì tirẹ̀.

Ìyàwó ọmọ Alága gbé ọmọ jáde. Ó ń rọra rìn, bí obìnrin tó bímọ tí ara rẹ̀ ò tíì bọ̀ sípò ṣe máa ń rìn, ó sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù àga. Alága rí i. Ó lọ sẹ́yìn, ó ṣí búùtù. Ibẹ̀ ló gbé tìmùtìmù pamọ́ sí, bóyá pé òun á tún lò ó nígbà tí òun bá ń dá nìkan bọ̀, a ò mọ̀. Ó gbọn ọ́n nù lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó gbé e sórí àga ẹ̀yìn.

"Jókòó síbẹ̀, ìyàwó wa. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n á gbà ọ́."

"Bàbá, ṣé kì í ṣe tìmùtìmù yín nìyí?"

"Jókòó."

Gbogbo wa ti jáde sí òpópónà nígbà tí wọ́n ń bọ̀. A ń retí fèrè. Fèrè ò dún. Ọmọge Àná yọ ní kọ̀rọ̀ oníbàtà, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin, ọkọ̀ tuntun àna sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lórí àga ẹ̀yìn Ọmọge Àná, a rí ìyàwó tó ga lórí àrán pupa bí olorì, Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ láàárín wọn. Ọwọ́ lọ sókè, gbogbo wa ń kí ẹ̀yìn ọkọ̀. Níwájú, kò sí ojú, kò sí ọrùn, kò sí bọ́tìnnì. Ohun tó wà níbẹ̀ làwọn ọmọdé kọ́kọ́ rí.

"Fìlà ń wakọ̀ bọ̀ o! Fìlà ń wakọ̀ bọ̀!"

Fìlà náà yí sọ́dọ̀ wọn. Ìka kan ṣoṣo gòkè wá lábẹ́ rẹ̀, a sì rò pé ó fẹ́ kí wa bí ó ti máa ń kí wa. Ìka náà ò dúró lókè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sí ibi tí ó yẹ kí ẹnu wà, tí a ò rí.

"Ṣííì," ni ó wá láti ìsàlẹ̀. "Ó ń sùn."